Oríkì Ara Ògiri: Àyẹ̀wò Ààfin Abomey

Ọ̀nà Àgbádárìgì tí ó gba Ọ̀jọ́ àti Òkókómáíkò kọjá ni a lè tọ̀ dé Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ààfin Gezo àti Glele, ọba Dàhòmì, ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Abomey. Láti ọdún 1985 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé. Lára àwòrán tí a fi amọ̀ mọ sí ògiri rẹ̀ ni jagunjagun Dàhòmì tí ó ń ṣẹ́gun Yorùbá. Òótọ́ ni pé Glele kó Kétu ní ọdún 1886. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Gezo ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1851, wọ́n sì ṣẹ́gun Glele níbẹ̀ ní ọdún 1864. Oríkì ọba ni ọnà náà. Oríkì kì í ka ìṣubú. Olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ ní láti yin ọnà, kí ó sì sọ ìtàn Abẹ́òkúta mọ́ ọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.