“Wèrè ni”: ẹjọ́ tí mo ní sí àkọlé fíìmù kan

Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, ṣáájú òmìnira, òun àti Frank Speed ni wọ́n jọ ṣe fíìmù “Were Ni! He is a Madman”. Mi ò kóyán Prince kéré. Òun ló kọ̀wé ní 1960 lórí asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń mú ara ẹni tó ń jà wálẹ̀. Àkọlé fíìmù yẹn ni mo bá jà.

Nínú àròkọ rẹ̀ ti 1964, ó to orúkọ oríṣiríṣi sílẹ̀: asínwín, abísínwín, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo abísínwín dáadáa: ohun tó fà á ti wà nínú orúkọ, ìbímọ ni. Ó mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ wèrè nìkan ló gbé síwájú. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní, èyí ló sì dùn mí jù.

Ẹ dé wọ́ọ̀dù kan ní Ìlárò tàbí Ayétòrò lóru. Bàbá àgbà tí ibà dá dùbúlẹ̀ ń fa dírípù yọ, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Kíá, ẹbí á ní “wèrè ti mú Bàbá o, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì.” Rárá o! Ìrànrán ni wọ́n ń pe ìyẹn. “Wèrè ni” ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. “Ó ń ṣe ìrànrán” ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́, tó sì lè kásẹ̀ nílẹ̀. Gírámà lásán kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ á wá okùn. Ẹni tó bá gbọ́ ìkejì á bèèrè pé kí ló fà á: ṣé ibà ti gun orí ni, ṣé ṣúgà lọ sílẹ̀, ṣé ìtọ̀ há, ṣé atẹ́gùn ò tó, ṣé ó jáwọ́ nínú ọtí lójijì?

Okùn máa ń mú kó jà sí i ni. Ọmọ rẹ̀ kan ni kó jókòó tì í, kẹ́nìkan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n fún un ní ìgò ojú rẹ̀, kí iná díẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ìwọ̀nba díẹ̀, bó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ní January 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tó ti wà láti 1916. Ẹni tó bá máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìrànrán sí àyè tirẹ̀.