Ikú Ọ̀gbẹ́ni Hooper, àti Eré Àwọn Ọmọdé Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ó ti di àṣà àwọn àgbà láti máa wí pé eré tí a ń ṣe fún àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n dára ní ìgbà àtijọ́, àti pé ó ti bàjẹ́ nísinsìnyí. Àwa kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọdún kan ṣoṣo wò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyíinì ni ọdún 1983.

Ní oṣù September ọdún náà ni He-Man bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ni ó ṣáájú níhìn-ín. Ọmọláńgidi ni ó kọ́kọ́ wà, tí ilé-iṣẹ́ Mattel ti ń tà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni a ṣe eré àwòrán tí yóò máa mú kí àwọn ọmọ fẹ́ ẹ. Lóòótọ́ ni a ń fi ẹ̀kọ́ ìwà rere kékeré kan sí ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí a so mọ́ ìdí ìtàn bí ìrù kì í sọ ìtàn di rere.

Ní ọdún kan náà, ní ọjọ́ 24 oṣù November, Sesame Street, tí ó ti wà láti ọdún 1969, ṣe ohun mìíràn. Will Lee, àgbà òṣèré tí ń ṣe Ọ̀gbẹ́ni Hooper, onísọ̀ọ̀bù àdúgbò náà, ti kú ní oṣù December 1982. Ó rọrùn fún àwọn tí ó ni eré láti wí pé bàbá náà rìnrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí fún àwọn ọmọ wa nígbà tí ìyá àgbà bá re ibi àgbà ń rè. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi àwọn tí ó mọ èrò ọmọdé léèrè, wọ́n sì yan Ọjọ́ Ìdúpẹ́, nígbà tí òbí yóò wà nílé pẹ̀lú ọmọ.

Big Bird, ẹyẹ gíga aláwọ̀ ìyeyè tí ọgbọ́n rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ kékeré, ya àwòrán àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń pín in fún wọn. Ó ku ti Ọ̀gbẹ́ni Hooper. Ó ń wá a kiri. Àwọn àgbà wo ojú ara wọn, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti kú, àti pé ẹni tí ó kú kì í padà wá. Ó bínú, ó béèrè ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí wọ́n rí fún un ni pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé a kò dárúkọ ọ̀run. Ó dun àwa náà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ onírúurú ẹ̀sìn ni ń wò ó, òtítọ́ tí a kò parí sì sàn jù irọ́ tí ó dùn. Bí a bá ti wí pé bàbá náà yóò padà, ta ni yóò tún gba eré náà gbọ́?

Nítorí náà, ohun méjèèjì ti inú ọdún kan náà jáde. Ọjọ́ orí eré kọ́ ni a ó fi dá a lẹ́jọ́, bí kò ṣe ohun tí ẹni tí ó ṣe é ń wá lọ́wọ́ ọmọ. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá rí i: òfin ọdún 1990 fi ààlà sí ìpolówó nínú eré ọmọdé, ìṣẹ́jú 12 nínú wákàtí kan lọ́jọ́ iṣẹ́, ìṣẹ́jú 10½ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Àbùkù kan wà tí a kò lè fi bò. Ọmọ tálákà ni a dìídì dá Sesame Street sílẹ̀ fún, kí ó lè múra sílẹ̀ de ilé-ìwé. Síbẹ̀ ní ọdún 2016 a gbé eré tuntun rẹ̀ lọ sí HBO, tí olówó ń san owó wò. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ tálákà ní láti fi dúró nígbà náà kí ó tó rí i, àti pé wákàtí kan ti di ààbọ̀ wákàtí. Eléyìí ni kí àwọn tí ń sunkún ìgbà àtijọ́ sunkún lé lórí.

Òtítọ́ sísọ kò bá ọdún 1983 lọ. Ní ọdún 2002, ní South Africa, Kami wọ inú Takalani Sesame: ọmọláńgidi ọmọ ọdún márùn-ún, tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀. Ó dé ilẹ̀ wa lẹ́yìn náà nínú Sesame Square. Ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé láìfi ohunkóhun bò.