Okùn Tí A Ta Ní Kókó àti Okùn Tí A Hun Mọ́ra

Ẹni tí ó ń fa omi nínú kànga, ẹni tí ó so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi, ẹlẹ́mu tí ó gun ọ̀pẹ, apẹja tí ó ju àwọ̀n sí ọ̀sà Ológè, àti awakọ̀ akẹ́rù tí ó ń kó ẹrù jáde láti Àgbárá tàbí láti agbègbè òwò Ogun-Guangdong tí ó wà ní Ìgbẹ́sà wa níhìn-ín, okùn ni gbogbo wọn gbẹ́kẹ̀ lé. Síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹnì kan nínú wọn tí yóò dúró wo ibi tí okùn náà ti padà pàdé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ okùn wà. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ọmọ Àwórì, aládùúgbò Ọ̀tà ọmọ Ìganmọdẹ, ibùsùn àsorọ̀ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe, èyí tí a ń so sáàárín igi méjì kí ara tí ó ti ṣiṣẹ́ lè sinmi. Ìfẹ́ tí mo ní sí okùn tí a hun mọ́ra ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ibùsùn àsorọ̀ kì í ṣe ohun àbáláyé nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ni í. Lọ́wọ́ wọn ni Columbus àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti rí i ní 1492, kí ó tó di ohun tí àwọn ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ń lò. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ohun ọlá ni ó jẹ́: ní Dàhòmì ayé ọjọ́un, inú rẹ̀ ni àwọn àlejò òyìnbó ń dùbúlẹ̀ sí, tí àwọn ọkùnrin alágbára a gbé e kọ́ ọ̀pá láti Ouidah títí dé Àgbómì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé ọ̀kan nínú wọn, Richard Burton, lọ sọ́dọ̀ Ọba Gèlèlé ní 1863. Ó dá mi lójú pé orí ẹní ni àwọn tí ó gbé e sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní igi máńgòrò méjì àti okùn tí ó pójú owó lè na ẹsẹ̀ bí ó ti wù ú lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iyì kókó, kí ó lọ wo ẹlẹ́mu. Igbà tí ó fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, òun fúnra rẹ̀ ni ó so ó ní ìdí igi, òun náà ni yóò sì tú u nígbà tí ó bá sọ̀kalẹ̀ láti lọ gun òmíràn. Ẹlẹ́mu inú ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, èyí tí ó jáde ní 1952, láti orí ọ̀pẹ ni ó ti já bọ́ tí ó sì kú. N kì í ka ibẹ̀ kí n má ronú nípa igbà rẹ̀. Ọlá kókó ni pé ó ṣeé tú, ó sì ṣeé tún so ní ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n kò sí kókó tí kì í jẹ lára okùn. Nígbà tí a bá ṣẹ́ okùn kí a lè ta á, àwọn fọ́nrán tí ó bọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí ó ti ṣẹ́ ni ó ń fà le gan-an, tí àwọn ti inú a sì há mọ́ra láìgbé nǹkan kan, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ru ẹrù gbogbo wọn. Kókó lásán tí ọmọdé mọ̀ ọ́n ta lè gba nǹkan bí ìdajì agbára okùn lọ. Kókó tí wọ́n ń pè ní bowline, tí àwọn atukọ̀ fẹ́ràn, a máa ṣẹ́ nǹkan bí 60 sí 70 kù nínú 100. Okùn tí a bá sì hun mọ́ra dáadáa kì í sábà pàdánù ju nǹkan bí 10 lọ. Àwọn àgbà ní ibi tí ó bá tínrín ni okùn ti ń já. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ okùn tí a ta ní kókó a máa já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó nípọn jù lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwọ̀n ara òun nìkan ni okùn ń gbé. Bí ẹni tí ó wọn kílò 80 bá dùbúlẹ̀, tí okùn sì fi igun 30 dígírì rọ̀ sísàlẹ̀ ju ìlà tí ó tẹ́ lọ láti ara igi, kílò 80 ni apá kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á títí tí igun náà fi ku 10 péré, ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ń gbé yóò ju kílò 230 lọ, ẹni náà kò sì sanra sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Bí mo bá fẹ́ hun okùn mọ́ra, náílọ́ọ̀nù onífọ́nrán mẹ́ta ni mo ń lò. N óò fi òwú di ọrùn rẹ̀ níbi tí n kò fẹ́ kí ó tú kọjá, n óò tú fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n óò fi iná ìṣáná jó ṣóńṣó orí wọn kí wọ́n má baà fọ́n, n óò sì ká okùn padà kí ó ṣe ojú tí yóò gba ẹnu ibùsùn. Fọ́nrán àárín ni ó ń kọ́kọ́ wọlé: òòlu onígi ni mo fi ń la ara okùn, tí fọ́nrán náà a gba abẹ́ ẹyọ kan kọjá ní òdì sí bí wọ́n ti lọ́ okùn, èyí tí ó wà lósì a tẹ̀ lé e, a gba abẹ́ ẹyọ tí ó kàn, lẹ́yìn náà n óò dojú iṣẹ́ dé kí ẹ̀kẹta lè gba abẹ́ èyí tí ó ṣẹ́kù, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, nítorí ọwọ́ a máa fẹ́ gbà á wọlé láti apá òdìkejì. Bí fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jáde, tí kò sí ihò kan tí méjì gbà, ó kù kí a máa fo ọ̀kan, kí a máa gba abẹ́ ọ̀kan, ní ìpele mẹ́ta bí okùn bá jẹ́ ti òwú, ní ìpele márùn-ún bí ó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, nítorí pé náílọ́ọ̀nù ń yọ̀. Nígbẹ̀yìn, n óò fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí pákó títí yóò fi jókòó. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní okùn náà ni ó fúnra rẹ̀ yọ ojú bí iṣu ti í ta. Bí ẹrù bá ti ń wọ̀ ọ́ lára tó ni yóò máa dì mọ́ra tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ wo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń di tàpólì mọ́ ẹrù lọ́nà Lúsàdá sí Àtán nígbà tí òjò ṣú: wọ́n a ta ojú kékeré kan sáàárín okùn, wọ́n a mú ìdí rẹ̀ yípo irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n a gbé e padà gba inú ojú náà, wọ́n a sì fi gbogbo ara fà á títí tàpólì yóò fi le. Bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó máa hun okùn, ẹrù yóò ti rin gbingbin kí ó tó parí. Igi pẹ̀lú kì í rìn súnmọ́ ara wọn nítorí okùn wa; okùn ni ó yẹ kí ó ṣeé fà gùn tàbí kí ó ṣeé dínkù. Nítorí náà, níbi tí okùn ti pàdé ibùsùn, tí kò sí ìdí láti tú u títí láé, mo ń hun ún. Níbi tí ó ti pàdé igi, mo ń fi bẹ́líìtì aláṣọ fífẹ̀ yí igi ká kí okùn má baà jẹ èèpo rẹ̀, mo sì ń so okùn mọ́ bẹ́líìtì náà ní kókó tí ó ṣeé tú. Clifford Ashley, ará Amẹ́ríkà, to ohun tí ó lé ní 3,800 jọ nípa kókó àti ìso sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1944. Mo kí i kú iṣẹ́. Mẹ́ta péré ni èmi ń lò.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ra okùn tí oòrùn ti ń pa níwájú ìsọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó. Ẹ má so ibùsùn yín ga ju orúnkún lọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá rí i pé ara okùn ti ń hu irun funfun, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń kù sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe hun ún, ẹ má sì ta á ní kókó. Ẹ gé e dànù, kí ẹ ra tuntun.