Ohun Tí Agbẹ́gi Gbọ́ Nínú Píánò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù ló ta aṣọ funfun mọ́ ògiri àgbàlá wa ní Òsì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ká wá wo ibi tí òun bá a dé nínú iṣẹ́ tí òun ń ṣe lórí olórin kan. A rò pé Sunny Adé ni. Akin Euba ló pè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa, èmi pàápàá ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ èmi lọmọ náà torí rẹ̀ wá: ó fẹ́ ya fídíò mi níbi tí mo ti ń gbẹ́ igi ìlù.

Èkó ni wọ́n ti bí Euba ní 1935. Ó kọ́ píánò títí dé London, àmọ́ nígbà tó padà, ìlù dùndún ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ó lọ jókòó ti àwọn àyàn. Dùndún náà ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní 1974, ó sì kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1990. Orin tó ń wá ní gbogbo àsìkò yìí ni orin tí píánò yóò ti máa hùwà bí ìlù. African pianism lorúkọ tó fún un.

Nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí bàbá kan ládùúgbò fi dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. "Àbí ọmọdé kan ń lu ìkòkò ìyá ẹ̀ ni?" Ó lọ sùn. N kò bá a wí, torí kò síbi téèyàn lè ti gbè é lẹ́sẹ̀ nínú orin ọ̀hún, kò síbi téèyàn lè ti nawọ́ sápò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ kan ń tẹ̀ nísàlẹ̀, tí kò yéé tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Gúdúgúdú ni. Gúdúgúdú kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀. Ohun kan náà ló ń wí títí ilẹ̀ ó fi mọ́, kí ìyáàlù lè ríbi fẹsẹ̀ lé.

Ibi tí Euba ti gba ìyà, ẹni tó ń gbẹ́ ìlù ló lè mọ̀ ọ́n. Igi apá ni mo fi ń gbẹ́ dùndún: ẹnu méjèèjì á fẹ̀, ìbàdí á tín-ín-rín. Ìbàdí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá jẹ́ kó sanra jù, abíyá onílù kò ní rí ọṣán fún pọ̀ dáadáa, ohùn kò sì ní lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ gòkè. Píánò ò ní ìbàdí. Bí o bá tẹ ibì kan, ibẹ̀ náà lo tẹ̀, kò sí ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti èkejì. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún lára ọkùnrin yìí ni pé kò díbọ́n pé píánò ń fọhùn. Rírìn ìlù ló gbà lọ́wọ́ àyàn, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ní 1963, ó tilẹ̀ kọ Igi Ńlá So, píánò pẹ̀lú ìlù Yorùbá gan-an.

Èyí tó mú mi dìde lórí àga ni orin mẹ́rin tó kọ ní 1964, tó pè ní Four Pictures from Oyo Calabashes. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ ni! Nínú iṣẹ́ ère gbígbẹ́ tiwa, ìpele mẹ́rin ni: ọnà lílé, àlẹ́túnlé, dídán, fífín. Àáké ló ń lé ọnà, níbi tí orí àti ikùn ti ń yọ látara igi. Àlẹ́túnlé ló ń yọ imú àti etí. A ó dán an, ká tó mú ọ̀bẹ fín irun àti ilà ojú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kánjú dé fífín, torí òun ni oníbàárà ń rí, ṣùgbọ́n kò sí fífín tó lè gba ère tí wọn ò lé dáadáa sílẹ̀. Igbá yàtọ̀. Ẹlẹ́dàá ti lé e tán, ó ti dán an. Fífín nìkan ló kù, àti mímọ ibi tí a ò ní fọwọ́ kàn. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Euba ò gbẹ́ ère nínú orin yẹn, ó ń fín, ó sì ń fi ojú igbá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Euba mú mi rántí agbẹ́gi kan, Bándélé. Aréógun, agbẹ́gi tó kú ní 1954, ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn Fadá ṣí ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947, òun náà wà níbẹ̀, tó ń fi àáké bàbá rẹ̀ gbẹ́ ère ìjọ Àgùdà. Àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù, ọba Yorùbá ni wọ́n gbẹ́ wọn. Ó dá mi lójú pé bàbá kan gbọn ìdí aṣọ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ agbẹ́gi mìíràn, Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, tó múlé gbe Ilọ́fà, kò kúrò lórí ère ìbílẹ̀ Ẹpa, ó sì fi í débi tí Yunifásítì Yale pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. N kò mọ èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni ǹ bá gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n máa gbẹ́ ìlù, kí orin máa lọ lẹ́yìn. Gúdúgúdú inú píánò yẹn wọ̀ mí lọ́wọ́ kí n tó mọ̀. Mo ń sọ àáké bá ìlù Euba lọ, mi ò sọ ọ́ síbi tí igi ti fẹ́ ẹ mọ́, etí ìlù kan sì là gbàgà. Ọmọ náà tọrọ àforíjì, ó ní òun yóò yọ ibẹ̀ kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀.