OHUN TÍ ÌWÉ-ÌLÀNÀ KÒ DÁRÚKỌ: ÀYẸ̀WÒ LÁMÈYÍTỌ́ LÓRÍ ÈDÈ IRINṢẸ́ ÌGBÉKALẸ̀ SÁFÀ

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni èdè tí a fi ń kọ ìlànà fún àwọn irinṣẹ́ tí ń gbé sáfà kalẹ̀ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn: òun ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ní ilé ìfowópamọ́, òun náà ni ó sì ń dáhùn nígbà tí a bá fi fóònù béèrè ohun kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ kan lè ní mẹ́jọ. Òmíràn lè ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè máa jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó máa fi ọwọ́ tò ó. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ ohun tí a fẹ́ sínú fáìlì, tí irinṣẹ́ yóò sì mú un ṣẹ lórí gbogbo sáfà. A ó máa pe irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní ìwé-ìlànà.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé a mú irú ìwé yìí wá sí abẹ́ lámèyítọ́. Èrò tiwa ni pé ohunkóhun tí a bá kọ, tí a sì ń kà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, tó ohun tí lámèyítọ́ ń yẹ̀ wò. Ìwé-ìlànà ní àbùdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé agbára ìwé-ìlànà wà nínú ohun tí ó dárúkọ, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ wà nínú ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Àti pé àwọn tí ń yin irinṣẹ́ wọ̀nyí kì í sọ ti apá kejì yìí tó bí ó ti yẹ.

2. Àwọn irinṣẹ́ náà àti orúkọ wọn

Mark Burgess, onímọ̀ físíìsì tí ó wà ní Yunifásítì Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway nígbà náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ CFEngine ní 1993. Luke Kanies gbé Puppet jáde ní 2005. Chef tẹ̀ lé e ní 2009. Ní 2012 ni Michael DeHaan ṣe Ansible, tí ilé-iṣẹ́ Red Hat sì rà ní 2015. Nínú iṣẹ́ yìí, Ansible ni a ó ti mú àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ìwé rẹ̀ kò nira láti kà.

Àwọn orúkọ náà kì í ṣe orúkọ lásán. Ọmọlangidi tí a ń fi okùn darí ni Puppet; a jẹ́ pé sáfà kò ní èrò tirẹ̀. Alásè ni Chef. Àwọn ìwé rẹ̀ ni a sì ń pè ní ìlànà oúnjẹ sísè. Ansible jẹ́ orúkọ tí òǹkọ̀wé Ursula K. Le Guin fún ẹ̀rọ inú ìtàn àròsọ, èyí tí ọ̀rọ̀ fi ń dé ìràwọ̀ tí ó jìnnà réré lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo àfiwé wọ̀nyí, ẹni tí ń pàṣẹ ni ó lágbára, sáfà kàn ń gbà ni. Burgess nìkan ni ó tako èyí. Nínú àbá rẹ̀ nípa ìlérí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe ìlérí ju nípa ara rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe é fún un. A ó rí i níwájú pé ojú-ìwòye yìí bá bí nǹkan ṣe rí mu ju ti ọmọlangidi lọ.

3. Àṣẹ tí ó wọ aṣọ àpèjúwe

Ohun tí àwọn alátìlẹyìn irinṣẹ́ wọ̀nyí ń fi wọ́n yangàn ni pé èdè wọn kì í ṣe èdè àṣẹ, èdè àpèjúwe ni. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ inú ilé ṣàlàyé. Bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, ‘Bu omi korobá mẹ́ta sínú àmù,’ àṣẹ ni. Bí ọmọ náà bá jẹ́ iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì, omi lè kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá sọ pé, ‘Kí àmù kún kí n tó dé,’ ipò tí ó fẹ́ bá àmù ni ó sọ. Ọmọ yóò kọ́kọ́ yọjú wo inú àmù. Bí ó bá ti kún, kò ní í ṣe ohunkóhun. Bí ó bá ku díẹ̀, yóò bu díẹ̀ sí i. Ìyá lè sọ gbólóhùn kejì yìí nígbà mẹ́wàá láìsí ewu. Àbùdá yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní idempotence, òun sì ni òpó tí ilé wọn dúró lé. Ohun rere ni. Bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, a lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè padà láìbẹ̀rù.

Síbẹ̀, bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ‘Kí àmù kún’ kò yàtọ̀ sí àṣẹ ní ti agbára. Ìrísí rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Wúnrẹ̀n ‘kí’ yẹn fi hàn pé a ń fẹ́ kí nǹkan rí báyìí ni, a kò sọ bí ó ti rí. Ẹni tí ó bá ń ṣe àpèjúwe àmù ní tòótọ́ yóò sọ gbogbo ohun tí ó rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláǹgbá bá ti kú sínú àmù náà, ọmọ tí ó bu omi kún un ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ pé. Gbólóhùn ìyá kò ṣẹ̀, ọmọ kò sì ṣẹ̀ sí i. Omi náà ni kò ṣeé mu. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a ka ìwé-ìlànà bí ẹni pé ó ṣe àpèjúwe gbogbo sáfà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀nba ibi tí òǹkọ̀wé rántí ni ó dárúkọ.

4. Ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà

Ní ti ìsọdọ̀tun, ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú Ansible tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Bí a bá kọ present sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ètò kan, irinṣẹ́ yóò wò bóyá ètò náà wà. Bí ó bá ti wà, ìbáà jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò ní í fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ latest ni a kọ, yóò mú èyí tí ó tuntun jùlọ ní ibi ìkópamọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí dà bí ‘òní’ àti ‘ìsinsìnyí’ nínú èdè: ọjọ́ tí a bá sọ ọ́ ni ó ń fún un ní ìtumọ̀. Bí ètò náà bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀, sáfà tí a gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti èyí tí a gbé kalẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ lè máà jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìwé kan náà ni a kà sí àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ansible-lint, irinṣẹ́ tí ń yẹ ìwé Ansible wò, fi máa ń ṣe ìkìlọ̀ nípa lílo latest.

Àtúnṣe tí a sábà máa ń dámọ̀ràn ni pé kí a kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ètò náà gan-an. Èyí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí a bá rí àléébù ààbò nínú ẹ̀dà tí a dárúkọ, nọ́ńbà tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ àyípadà òjijì náà ni yóò so àléébù mọ́ wa lára, títí ènìyàn yóò fi wá yí i padà. Nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tí ó gba ẹnìkan lọ́wọ́ ìṣọ́nà.

5. Ìdákẹ́jẹ́ inú ìwé

Ká ní a kọ ọ́ sínú ìwé-ìlànà pé kí ètò kan wà lórí gbogbo sáfà. Lẹ́yìn ọdún kan, a kò nílò ètò náà mọ́, a sì pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Lójú ẹni tí ó bá ka ìwé náà, ètò náà ti kúrò. Ṣùgbọ́n lórí sáfà, ó ṣì wà níbẹ̀. Ansible kò gba ìparẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Kí ètò náà tó lè kúrò, a gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ kí a sì kọ absent sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sáfà tuntun tí a bá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn èyí kò ní í ní ètò náà, èyí àtijọ́ yóò ní in. Àwọn méjèèjì ni ìwé náà ṣẹ sí lára délẹ̀délẹ̀, irinṣẹ́ yóò sì jẹ́rìí pé kò sí wàhálà. Sáfà ń rántí. Ìwé kì í rántí.

Ní 2002, Steve Traugott àti Lance Brown ti sọ ohun tí ó jọ èyí. Wọ́n ní àwọn sáfà kan wà tí ń jìnnà sí ara wọn, àwọn kan wà tí ń súnmọ́ ara wọn láìdé ojú kan náà, àwọn kan sì wà tí wọ́n bá ara wọn mu délẹ̀. Wọ́n jiyàn pé a kò lè fi ọkàn balẹ̀ lórí irú kẹta yìí àfi bí a bá ṣe gbogbo àyípadà ní ẹsẹẹsẹ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ pàápàá mọ̀ nípa ìṣòro yìí: nínú Puppet, a lè pàṣẹ pé kí gbogbo fáìlì tí ìwé kò dárúkọ nínú àpò-fáìlì kan di píparẹ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dárúkọ àpò-fáìlì náà.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì wà nínú orúkọ àwọn sáfà fúnra wọn. Ansible ní àkójọ orúkọ. Sáfà tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí lójú irinṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí a dárúkọ kò bá sì jẹ́ ìpè, Ansible yóò yọ òun sílẹ̀, yóò máa bá àwọn yòókù lọ, àyàfi bí a bá sọ fún un pé kí ó dúró. Lóòótọ́, yóò ròyìn rẹ̀ ní ìparí iṣẹ́. Ẹni tí yóò ka ìròyìn náà ni ó kù.

6. Sáfà kẹjọ

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn orí pátákó nìkan. Ìwé ìdájọ́ tí àjọ SEC, tí ń ṣàmójútó ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2013 lórí ilé-iṣẹ́ Knight Capital fi í hàn gbangba.

Ní òpin oṣù keje 2012, Knight ń gbé ètò tuntun sórí sáfà mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣe é fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kò sì sí ìlànà kíkọ tí ó sọ pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí sáfà kẹjọ, ètò àtijọ́ kan tí a ń pè ní Power Peg ṣì wà. Wọ́n ti dáwọ́ lílo rẹ̀ dúró ní 2003, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò. Àmì tí a fi ń jí ètò àtijọ́ yìí náà ni wọ́n wá tún fún ètò tuntun.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, kí ọjà tó ṣí, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà fi lẹ́tà 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n dárúkọ Power Peg. Kò sí ẹni tí ó kà wọ́n sí ìkìlọ̀. Nígbà tí ọjà ṣí, sáfà kẹjọ jí òkú dìde. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, iṣẹ́ 212 tí àwọn oníbàárà rán di òwò tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Knight pàdánù ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Ohun tí ó burú jù ni pé, nígbà tí wọ́n ń wá àtúnṣe, wọ́n yọ ètò tuntun kúrò lórí sáfà méje tí ó wà ní títọ́, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí ti ìkẹjọ. Àjọ náà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje 2013, ilé-iṣẹ́ náà ti darapọ̀ mọ́ Getco.

Àwọn alátìlẹyìn irinṣẹ́ a máa tọ́ka sí ìtàn yìí pé irinṣẹ́ kì í gbàgbé sáfà kẹjọ. Ìdajì òtítọ́ ni. Irinṣẹ́ ì bá gbé ètò tuntun sórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá wà nínú àkójọ tí gbogbo wọn sì jẹ́ ìpè. Ṣùgbọ́n ètò tí ó ti wà láìsí lílò láti 2003 kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá rántí dárúkọ. Aláǹgbá inú àmù ni.

7. Èsì àwọn onímọ̀ mìíràn

Àwọn kan ti gbìyànjú láti wo ìdákẹ́jẹ́ yìí sàn pátápátá. Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht ní 2006, Eelco Dolstra ṣàlàyé ètò Nix, nínú èyí tí ètò kọ̀ọ̀kan dá dúró ní àyè tirẹ̀. Nínú NixOS tí ó ti inú rẹ̀ jáde, ètò tí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé kò ní í sí nínú ìgbékalẹ̀ tuntun. Láti nǹkan bí 2013 sì ni àwọn mìíràn ti ń sọ pé kí a má ṣe tún sáfà ṣe rárá: kí a kọ́ tuntun, kí a sì da àtijọ́ nù.

Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé nínú wọn, ìparẹ́ ti di ọ̀rọ̀. Àléébù wọn ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà lórí sáfà ni ó ṣeé dà nù. Àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà kò ṣeé tún kọ́ láti inú ìwé-ìlànà. Níbi tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà, ìtàn ti wà níbẹ̀, ìwé kò sì lè ṣe bí ẹni pé òní ni ayé bẹ̀rẹ̀.

8. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìwé-ìlànà jẹ́ àṣẹ tí ó wọ aṣọ àpèjúwe. Pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè yí ìtumọ̀ padà bí ọjọ́ ti ń yí. Àti pé ohun tí kò dárúkọ lè ba ohun tí ó dárúkọ jẹ́. A kò sọ pé kí a padà sí títo sáfà lọ́wọ́; ọwọ́ ni ó fi sáfà kẹjọ sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kíkà ṣì kù lẹ́yìn kíkọ. Ẹni tí ó bá ń yẹ ìwé-ìlànà wò gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ó ti wà lórí sáfà kí ìwé yìí tó dé? Ìlà wo ni a pa rẹ́, ǹjẹ́ a sì kọ ọ́ pé kí ohun tí ó dúró fún kúrò? Ta ni yóò ka ìròyìn nígbà tí irinṣẹ́ bá parí iṣẹ́, tí yóò sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró? Ìbéèrè kẹta yìí ni kò sí irinṣẹ́ kankan tí ó lè dáhùn rẹ̀ fún wa.