Ìtàn Mẹ́ta ní Ìlú Kan: Àgbéyẹ̀wò Ìbẹ̀wò sí Ìlú Bìní Pẹ̀lú Amọ̀nà

Bí a bá dárúkọ lítíréṣọ̀ alohùn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni oríkì, ẹsẹ Ifá, ìjálá, ẹkún ìyàwó àti àlọ́. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ amọ̀nà tí ń mú àlejò káàkiri ìlú àtijọ́ mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kò sí ohun tí apàlọ́ ní tí amọ̀nà kò ní. Ó ní ìtàn. Ó ní àwùjọ tí ń gbọ́ ọ. Ó ní ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ń parí rẹ̀ sí. Ó ní olú ẹ̀dá ìtàn tí ó ń gbé ga. Ó sì ní ohun tí ó ń fò dá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà ni ó ń gbé ìtàn tirẹ̀ gbà. Bí àwùjọ rẹ̀ ti ń sún síwájú ni ìtàn ń sún. Nítorí náà, ó tọ́ kí lámèyítọ́ wọn ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ìtàn alohùn yòókù.

Ní òkè òkun, wọ́n ti gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gun orí kẹ̀kẹ́. Ní 2001 ni Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà, fi kẹ̀kẹ́ oníná onítáyà méjì tí a ń pè ní Segway han aráyé. Ìdúró ni a ń gùn ún: bí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ bá tẹ ara síwájú, kẹ̀kẹ́ á máa lọ; bí ó bá fa ara sẹ́yìn, á rọra dúró. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dáwọ́ ṣíṣe irú ti àkọ́kọ́ dúró ní 2020, àwọn tí ń mú àlejò yí ìlú bíi Washington àti Rome ká ti lò ó púpọ̀. Kò sí àní-àní pé ó ní ìwúlò tirẹ̀. Àgbà tí orúnkún ń dùn lè fi wákàtí méjì rí ohun tí ìbá gba odindi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní 2016, ìlú Prague fi òfin dè é ní àárín ìlú wọn àtijọ́, nítorí pé ó ń dí àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi ojú sí ọ̀nà, kí ó sì máa tẹ̀lé ẹni tí ó ṣáájú. Kò lè yà bá ìyá tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti bi í ní ohunkóhun. Ẹnu amọ̀nà nìkan ni ó kù fún un.

Kì í ṣe dandan kí ènìyàn gun Segway kí irú àbùkù yìí tó bá ìbẹ̀wò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí wọ́n bá dé ní agogo mẹ́wàá, tí wọ́n sì ní láti padà ní agogo méjì, ohun tí ẹnu kan sọ ni gbogbo wọn yóò kọ sínú ìwé, tí wọn yóò sì tún fi dá olùkọ́ lóhùn nínú ìdánwò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlú Bìní ni ó yẹ kí òwe yìí ti máa dún jù lọ ní etí ọmọ Yorùbá, nítorí pé ẹjọ́ tí a ń dá níbẹ̀ kan òun pàápàá.

Àárín gbùngbùn ìlú Bìní ni Ring Road, oríta ńlá tí ọ̀pọ̀ òpópó ti pàdé. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, tí a ṣí ní 1973, wà ní agbedeméjì rẹ̀. Ààfin Ọba kò sì jìnnà síbẹ̀. Bí ìbẹ̀wò bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé yìí, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi í dé orí 1897. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni a kọlu James Phillips àti àwọn tí ó kó lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Bìní bí Ọba tilẹ̀ ti ní kí wọ́n má ì tí ì wá. Ní oṣù kejì, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú. Iná jó ààfin. Wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ àti eyín erin lọ. Wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó wà títí ó fi wàjà ní 1914. Ọdún yìí kan náà ni Eweka Kejì, ọmọ rẹ̀, gorí ìtẹ́, tí ó sì tún ààfin kọ́.

Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lórí ìhun ìtàn náà. Ìtàn tí ó bá fi ìpàdánù bẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ ẹni tí ó kó ohun lọ kí ó tó mọ ẹni tí ó ṣe é. Ọkàn tí ó ti gbóná báyìí kò sì ní ìfẹ́ àtibéèrè ìbéèrè mọ́ nígbà tí amọ̀nà bá dé orí ìtàn bí ìlú ti ṣẹ̀. Orí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ yìí gan-an ni ó sì yẹ kí etí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti là jù.

Ìtàn kìíní ni ti ààfin. Kí àwọn Ọba tó wà, àwọn tí a ń pè ní Ogiso ni ó ń jẹ. Owodo ni ó kẹ́yìn nínú wọn. Nígbà tí ó ń wá ọmọ sí i, Esagho, ayaba rẹ̀, yí iṣẹ́ tí Ifá rán padà, ó ní Ekaladerhan, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Owodo ní, ni kí a pa. Àwọn tí a rán láti pa á ṣàánú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó sá lọ. Ààfin fi kún un pé Ilé-Ifẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn dé, pé òun náà sì ni Yorùbá ń pè ní Odùduwà. Nígbà tí ìtẹ́ ṣófo, tí àwọn ará ilé wá a lọ, ó ti darúgbó. Ìdí nìyẹn tí ó fi rán Ọ̀rànmíyàn, ọmọ rẹ̀. Ọba Erediauwa, tí ó jọba láti 1979 sí 2016, gbé èyí kalẹ̀ nínú ìwé ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 2004, àríyànjiyàn tí ó sì bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà kò kéré.

Ìtàn kejì wà ní Igun Eronmwon, àdúgbò àwọn tí ń rọ idẹ. Níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ á fi amọ̀ mọ inú ère. Á fi ìda bò ó, á sì fín gbogbo ojú, ẹnu àti ìlẹ̀kẹ̀ sára ìda náà. Á tún fi amọ̀ bo ìda. Bí iná bá yọ́ ìda dànù, á da idẹ yíyọ́ sí ààyè tí ó fi sílẹ̀. Amọ̀ náà di fífọ́, nítorí náà ère méjì kì í rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ bí iṣẹ́ yìí ti dé Bìní, ìtàn tí ó ti pẹ́ ni pé Ọba Oguola ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì fi Igueghae ránṣẹ́ sí i láti kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ààfin, Bìní ni ó bí Ifẹ̀. Ní Igun, Ifẹ̀ ni ó kọ́ Bìní ní iṣẹ́.

Ìtàn kẹta wà ní Sakpoba Road, ní ilé Olóyè Ogiamien, ilé amọ̀ àtijọ́ tí ó wà lára àwọn díẹ̀ tí iná 1897 kò jó. Ìdílé yìí kò bá Ifẹ̀ tan, wọn kò sì bá Ekaladerhan tan. Evian ni baba wọn, ẹni tí ó mú ìlú dání lẹ́yìn tí a lé Owodo kúrò, tí ó sì fẹ́ kí Ogiamien, ọmọ rẹ̀, rọ́pò òun. Nígbà tí Ọba Ewedo ń gbé ààfin láti Usama wá sí ibi tí ó wà lónìí, ogun ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti Ogiamien ìgbà náà, àdéhùn ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ohun tí ilé yìí ń sọ ni pé ilẹ̀ náà ní ẹni tí ó ń mójú tó o kí ọmọ Ọ̀rànmíyàn tó jọba.

Ibí yìí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ wà. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àsọdùn lásán nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sì sí èyí tí kò ní ìdí tí a fi ń sọ ọ́. Ìbéèrè lórí ẹ̀tọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Bí Odùduwà bá jẹ́ Ekaladerhan, Ọ̀rànmíyàn kì í ṣe àlejò ní Bìní mọ́. Ọmọ onílé tí ó padà wálé ni. Bí Igueghae bá ti Ifẹ̀ wá, ọlá ńlá wà fún ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ, nítorí orísun iṣẹ́ wọn dàgbà bí orísun adé. Bí Evian bá sì ti ń ṣe àkóso tẹ́lẹ̀, àdéhùn ni ó fún Ọba ní ilẹ̀ tí ó tẹ̀ dó sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹyọ kan yóò rò pé ìtàn ni òun gbọ́, kò ní mọ̀ pé ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni.

Ó yẹ kí a fi ojú kan náà wo ohun tí Yorùbá ń sọ. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897 tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921, mú Odùduwà wá láti ìlà-oòrùn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀wọ̀n ni ó fi rọ̀ láti ọ̀run. Ìyẹn náà ń dáhùn ìbéèrè ẹ̀tọ́: ó sọ Ifẹ̀ di orísun tí kò ní orísun mìíràn. Jacob Egharevba, ọmọ Bìní tí ìwé ìtàn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní àwọn ọdún 1930, gbà pé àwọn Edo ránṣẹ́ sí Odùduwà ní Ifẹ̀ láti tọrọ ọmọ. Ó sì sọ ìtàn Ekaladerhan láìsọ ọ́ di Odùduwà. Èyí fi hàn pé àwọn ọmọ Bìní fúnra wọn kò fi ẹnu kan sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí gbogbo ìtàn ti pàdé kò kéré: ìran Ogiso parí; Ọ̀rànmíyàn wá, kò sì lè jókòó pẹ́; ọmọ tí obìnrin ilẹ̀ Edo bí fún un ni ó jọba gẹ́gẹ́ bí Eweka Kìíní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ibi tí wọ́n ti pàdé kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tí wọ́n ti yapa.

Kẹ̀kẹ́ tún ń sáré kọjá àwọn mìíràn tí ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní ẹ̀gbẹ́ Ring Road ni ère Emotan wà, èyí tí Ọba Akenzua Kejì mú kí a gbé kalẹ̀ ní 1954. Ìyá ọlọ́jà ni, kì í ṣe ọmọ ọba; òun ni ó ran Ewuare lọ́wọ́ láti gba ìtẹ́ padà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Yàrà ìlú, tí àwọn Edo ń pè ní Iya, kò tilẹ̀ ní ẹnu. Graham Connah walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Yàrà inú tí ó yí ìlú ká gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ Erédò Sùǹgbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ bí ẹni kọjá kòtò lásán, nítorí pé èjìká àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó ru erùpẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Ní 2022, Jámánì dá ogún iṣẹ́ ọnà Bìní padà ní Àbújá. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Bìní ni ó ni àwọn ohun tí a bá dá padà. Ní 2025, ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn afẹ̀hónúhàn ya wọ ọgbà Museum of West African Art ní Bìní nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a ṣí i, wọ́n ń béèrè pé kí ó jẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ààfin. Ẹni tí ó ni ère àti ẹni tí ó ni ìtàn ère kò jìnnà sí ara wọn.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí yóò kó ọmọ lọ sí Bìní fi ẹsẹ̀ mú wọn rìn láti Ring Road dé Igun àti Sakpoba Road, nítorí ọ̀nà náà kò jìn. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Igun, níbi tí iná ṣì ń jó lábẹ́ idẹ, kí 1897 tó dé. Kí ó bẹ amọ̀nà pé kí ó máa sọ orúkọ ẹni tí ó ni ìtàn: ààfin ní báyìí, Igun ní báyìí, ilé Ogiamien ní báyìí. Bí wọ́n bá padà sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ kọ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì kọ ti Ifẹ̀ ṣe ìkẹrin, kí wọ́n wá wádìí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí olùgbọ́ gbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí ní Bìní yóò lè bi ìtàn ìlú tirẹ̀ náà ní ìbéèrè.