Ẹdùn Àrá: Ohun tí Akéwì Rí àti Ohun tí Ilẹ̀ Fi Pamọ́

Ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá sá fún. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀fà bá mú òkúta dídán kan wá láti oko, tí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bàbá àgbà ní ẹdùn àrá ni, pé Ṣàngó ni ó jù ú láti òkè. Ṣé òótọ́ ni?", kí ni kí á wí? Olùkọ́ kan yóò ní irọ́ ni àwọn àgbà ń pa. Òmíràn yóò ní òótọ́ pọ́ńbélé ni, nítorí pé oríkì Ṣàngó kò ṣe é já ní koro. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni kò tíì ka oríkì náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn akéwì wa ti ríran kedere. Nínú oríkì àti ìtàn, Ọya a máa ṣáájú Ṣàngó lọ sí ogun: ìjì ni Ọya, ààrá ni ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wà ní Ọ̀fà nígbà òjò àkọ́rọ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ìjì ni yóò kọ́kọ́ dé, yóò gbé eruku pupa, yóò sì máa mi páànù ilé kí ẹ̀kán òjò kan tó kán sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ti ṣàlàyé rẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù a máa já wálẹ̀ láti inú ìkùukùu, bí ó bá ti kanlẹ̀, a tàn ká, a sì sáré ṣáájú òjò. Akéwì kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ẹdùn àrá ṣòro díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò líle rọ̀, ààrá sán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbẹ̀ rí òkúta lórí ilẹ̀. Ohun tí ojú rí nìyí. Ṣùgbọ́n òkúta náà kò ti òkè bọ̀. Àáké àwọn ará àtijọ́ ni. Irú rẹ̀ wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ walẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́. Wọ́n rí egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 10,000 ọdún. Nínú ipele ilẹ̀ tí ó wà lókè egungun náà, wọ́n rí àáké òkúta tí a lọ̀ tí a sì pọ́n.

Ta ni ó wá gbé irú àáké bẹ́ẹ̀ jáde? Àpáta àtayébáyé ni Ọ̀fà jókòó lé. Omi òjò a máa wọ inú rẹ̀, a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di amọ̀. Irin inú rẹ̀ a dípẹtà, òun ni ilẹ̀ fi pupa. Òjò kan náà tí ó ń sọ àpáta di ilẹ̀ nísàlẹ̀ ni ọ̀gbàrá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ lọ lókè, tí ohun tí a bò sì ń ṣí síta. Àwa tí a mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì kò ní ṣaláì lóye èyí: ẹni tí ó wà lábẹ́ lónìí lè wà lókè lọ́la.

Akéwì rí òjò, ó rí òkúta, ó sì mọ̀ pé ohun kan so wọ́n pọ̀. Ó ní jíjù ni, ṣíṣí ni. Síbẹ̀, oríkì kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ nípa òkúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ki òrìṣà, kí ó sì dẹ́rù ba olè àti òpùrọ́. Ọlọ́run tí ń ju òkúta ni olè lè bẹ̀rù. Ta ni yóò bẹ̀rù èyí tí ń gbá erùpẹ̀?

Nítorí náà, kí á dá ọmọ náà lóhùn báyìí: "Ọwọ́ ènìyàn ni ó pọ́n ọn, òjò ni ó ṣí i, àwọn bàbá àgbà ni ó sì fún un ní orúkọ." Olùkọ́ tí ó bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dójú ti àgbà, kò sì tan ọmọdé jẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí ọmọ náà mú òun lọ sí ibi tí ó ti rí i gan-an, kí ọ̀gbàrá mìíràn tó dé.